Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Bá Dé, Kí Iṣẹ́ Ti Parí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpalẹ̀mọ́ Fún Kíkó Lọ Sílé Tuntun

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lọ́kùnrin lóbìnrin, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtikó jáde nílé òbí yín fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí yín níwájú níbí, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alága àti gbogbo àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ kíkó láti ilé kan bọ́ sí òmíràn sí ohun tó yẹ ká jókòó sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á sí. Wọ́n á ní, ṣebí ẹrù ni? Ká dì í, ká gbé e, ká sọ ọ́ kalẹ̀, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tí ẹ kó kẹ́yìn, kí ló rẹ̀ yín jù? Ṣé ẹrù gbígbé ni? Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn wọn kì í sábà jẹ́ ẹrù. Ẹnìkan á ní, “A ò rí kọ́kọ́rọ́.” Ẹlòmíràn á ní, “Oògùn màmá wà nínú ọkọ̀, a ò sì mọ páálí tó wà.” Òmíràn á ní, “Àga ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.” Òmíràn á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, “Èmi àti ọkọ mi ò bára wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.” Ẹ wò ó dáadáa, nínú gbogbo èyí, èwo ló jẹ mọ́ agbára apá? Kò sí ọ̀kan.

Ní ọdún 1967, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n fi ń wo bí ìyípadà inú ayé ṣe ń wọ èèyàn lára tó. Nǹkan 43 ló wà nínú rẹ̀. Ikú ọkọ tàbí aya ló ga jù, wọ́n fún un ní 100. Ìgbéyàwó gba 50. Kí ẹni tuntun wọ inú ẹbí, bíi kí wọ́n bímọ, gba 39. Kíkó lọ sílé mìíràn gba 20 péré. Ẹnìkan lè sọ pé 20 ò pọ̀. Lóòótọ́, ó kéré tó bá dá wá. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló ń dá wá? Ta ló ń kó lásán, láìsí ohun tó fà á? Ọmọ ti dé, ilé ò gbà wá mọ́: 39. A kó: 20. Ọmọ àgbà ní láti pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́: 20 mìíràn. Ẹ ti ń lọ sí 79, ẹ ò sì tíì gbé páálí kan. Ẹni tó ń kó torí pé ìgbéyàwó túká tàbí torí pé ẹnìkan kú, ẹ má wulẹ̀ ṣírò tiẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa níbí, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́: kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́ tó bá rẹ̀ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ lónìí, àlàyé ni gbogbo ìyókù. Ìpinnu ló ń rẹ èèyàn lọ́jọ́ ìkẹ́rù, kì í ṣe ẹrù. Ṣé ká gbé èyí tàbí ká fi í sílẹ̀? Inú páálí wo? Yàrá wo? Ta ló mú síkúrù bẹ́ẹ̀dì dání? Bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá ya lu èèyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, orí á ti rẹ̀ kí ọwọ́ tó rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀. Torí náà, ẹ kó àwọn ìpinnu yẹn kúrò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣe wọ́n ṣáájú, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ara ṣì balẹ̀. Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọjọ́ ìkẹ́rù, ogun àwítẹ́lẹ̀ ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa. A mọ ọjọ́ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní: ẹ pinnu kí ẹ tó dì

Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa kó, ẹ ka ọ̀sẹ̀ 8 sẹ́yìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí àkókò ò bá gbà, ọ̀sẹ̀ 4 náà dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dín sí ìyẹn bó bá wà ní ìkáwọ́ yín. Ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ìgbàlejò, torí ohun tó wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ ń rí i. Ẹ lọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lọ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, yàrá kótópó tí ẹ ń ju nǹkan sí. Ibẹ̀ ni ẹrù tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ ní wà, ibẹ̀ ló sì máa dá yín dúró lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la.

Gbogbo ohun tí ẹ bá gbé lọ́wọ́, ẹ bi ara yín léèrè kan: bí mi ò bá ní èyí, ṣé màá jáde lọ rà á lónìí? Lẹ́yìn náà, ibi mẹ́rin péré ni kó ní láti lọ: ó ń bá wa lọ, a ó fún ẹnìkan, a ó tà á, tàbí a ó sọ ọ́ nù. Ẹ má dá ibi karùn-ún sílẹ̀ o! Ẹ mọ ibi karùn-ún? Òun ni “ẹ jẹ́ ká ṣì gbé e síbẹ̀ ná.” Ibi karùn-ún yẹn ló ń kún ọkọ̀. Ẹ ó san owó páálí rẹ̀, ẹ ó san owó ààyè tó gbà nínú ọkọ̀, ẹnìkan á fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé e gun àtẹ̀gùn, nígbà tó bá sì dé ilé tuntun, ẹ ó tún gbé e síbẹ̀ ná.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí mo ti rí omijé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn nǹkan kan wà tí ìbéèrè tí mo sọ yẹn ò kàn. Aṣọ bàbá tó ti lọ. Ìwé tí ọmọ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹnìkan kọ nígbà tí ìfẹ́ ṣì tutù. Ẹ má ṣèpinnu lórí wọn nígbà tí ẹ bá ń kánjú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ṣe é. Ẹ wá páálí kan, ẹ kó wọn sínú rẹ̀, ẹ kọ “ìrántí” sí i lára, kó bá yín lọ. Ọjọ́ tí ọkàn yín bá balẹ̀ nílé tuntun, ẹ ó tú u, ẹ ó sì mọ èyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Apá kejì ìpinnu ni wíwọ̀n. Tọkọtaya kan wà tí mo mọ̀, wọ́n wọn yàrá ìgbàlejò ilé tuntun dáadáa. Àga gígùn wọn á gbà á, ààyè á tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù. Ohun tí wọn ò wọ̀n ni ibi tí àtẹ̀gùn ti yí kọ́nà. Àga dé kọ́nà yẹn, kò lọ mọ́, kò bọ̀ mọ́, àwọn ará ilé ò sì rí ọ̀nà gòkè. Nígbà tí wọ́n jàjà gbé e bọ̀ sílẹ̀, ìta ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ni wọn ì bá ti ṣe? Wọn ì bá ti mú téèpù ìwọ̀n dání lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ibi tó tín jù lójú ọ̀nà ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ibi tó fẹ̀ jù. Ẹ wọn ẹnu ilẹ̀kùn láti etí férémù kan dé èkejì, kí ẹ rántí pé ilẹ̀kùn tí kò ṣí tán ń jẹ nínú ààyè. Ẹ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́nà àtẹ̀gùn, àti ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè bó bá wà. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ẹrù yín tó tóbi jù: ìbú, gíga, àti bó ṣe jìn tó. Bí ẹrù kan ò bá ní gbà, ẹ ṣì láǹfààní láti tà á tàbí láti tú u. Lọ́jọ́ ìkẹ́rù, àǹfààní yẹn ti lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹrù dídì

Ibi yìí ni mo máa pẹ́ sí jù, ẹ fara balẹ̀ bá mi.

Ohun tí ẹ ò ní lò láàárín oṣù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ dì: ìwé, aṣọ ìgbà tí kò tíì tó, àwòrán ara ògiri, àwo àlejò. Ilé ìdáná ni kó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ má tàn ara yín jẹ, òun ló ń gba àkókò jù. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan péré sílẹ̀ fún ilé ìdáná, òru ni yóò fi parí rẹ̀.

Kí páálí wúwo tó báwo? Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àwọn òṣìṣẹ́, NIOSH, ní ìṣirò kan fún ẹrù gbígbé. Kìlógíráàmù 23 ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọgbọ: ẹrù sún mọ́ ara, ó ṣeé dì mú dáadáa, ẹni tó ń gbé e kò tẹ̀ ba, kò yí ìbàdí, kò sì gbé e lemọ́lemọ́. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá ti yẹ̀, wọ́n á máa yọ kúrò lára 23 yẹn. Ẹ wá sọ fún mi, lọ́jọ́ ìkẹ́rù, èwo ni kì í yẹ̀? Èèyàn ń tẹ̀, ó ń yí, ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń ṣe é látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí páálí yín mọ ní nǹkan bíi kìlógíráàmù 15.

Ẹni tó ní ìwé nílé, tìẹ rèé. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Ìwé tí a tò pa pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Páálí tó lè gba nǹkan bíi lítà 60, bí ẹ bá fi ìwé kún un dẹ́nu, ó lè sún mọ́ kìlógíráàmù 40. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn? Ìdí páálí náà á ya lójú ọ̀nà, tàbí kí ẹ̀yìn ẹni tó gbé e yẹ̀. Ohun tó wúwo, páálí kékeré. Ohun tó fúyẹ́, bí ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora, páálí ńlá. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí gbólóhùn yìí nìkan lónìí, ó ti jèrè.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi àwo dídì hàn yín, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń fọ́ jù. Ẹ lẹ ìdí páálí ní téèpù méjì, kí wọ́n dábùú ara wọn. Ẹ rún bébà, kì í ṣe kí ẹ tẹ́ ẹ. Bébà tí a tẹ́ kò gba nǹkan kan dúró, bébà rírún ló ń rọ̀ bí nǹkan bá gbá a. Ẹ fi í sí ìdí páálí kó nípọn bí ìka ọwọ́ ṣe gùn. Ẹ fi bébà wé àwo kọ̀ọ̀kan. Wàyí o, ẹ má tò ó lé ara wọn. Ẹ nà án ró, kó dúró lórí etí rẹ̀ bí ìwé ṣe ń dúró lórí pẹpẹ. Kí nìdí? Àwo tó sùn ń ru gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì já sínú kòtò, ìdí àwo ìsàlẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n yẹn ń já lé. Èyí tó dúró ní etí kò ru ẹnikẹ́ni. Ní ti kọ́ọ̀pù, ẹ ki bébà sínú rẹ̀ kí ẹ tó wé e, ẹ sì dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹ fi bébà dí gbogbo àlàfo. Bí ẹ bá ti dé e, ẹ rọra gbé e, ẹ mì í wò. Bó bá dún, ẹ tú u, kò tíì pé.

Tàdáwà ìwé ìròyìn máa ń yí àwo lára, ìyẹn kò burú, fífọ̀ ló kàn. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ fi owó ra bébà púpọ̀ sí nígbà tí ẹ ní táwẹ́ẹ̀lì àti ìbọ̀sẹ̀? Ẹ fi wọ́n wé ohun tó lè fọ́, ẹ ti di ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ara páálí ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe orí rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti to páálí léra, ta ló máa rí orí? Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjì. Orúkọ yàrá tó ń lọ nílé tuntun ni kí ẹ kọ, kì í ṣe yàrá tó ti wá, kẹ́ ẹ sì fún un ní nọ́ńbà. “Yàrá àwọn ọmọ, 14.” Ó tó. Inú ìwé kékeré yẹn ni ẹ ó ti kọ ohun tó wà nínú 14. Lọ́nà yìí, ẹ ó mọ̀ bí páálí kan ò bá dé, ẹlẹ́rù nìkan ló sì máa mọ ibi tí ohun olówó iyebíye wà. Ẹ má kọ “kọ̀ǹpútà” gàdàgbà sí ara páálí tó máa dúró síta fún wákàtí kan.

Bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì tí ẹ bá tú, ẹ da síkúrù wọn sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá náà mọ́ ara igi bẹ́ẹ̀dì gan-an. Àpò ṣòkòtò kọ́ ni ibi tí wọ́n ń kó síkúrù sí. Kí ẹ tó fa wáyà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yọ, ẹ fi fóònù yà á.

Ní ti ẹ̀rọ, mẹ́ta péré ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Fíríìjì: ẹ jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ pa á ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí yìnyín yọ́, ẹ nù ún gbẹ. Lójú ọ̀nà, òòró ni kó wà. Òróró wà nínú ẹ̀rọ tó ń tì í ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Bí fíríìjì bá sùn, òróró yẹn lè ṣàn lọ sínú páìpù tó ń mú un tutù. Bí kò bá ṣeé ṣe kó má sùn, ẹ gbé e dúró nílé tuntun, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó dáa kó tó ọjọ́ kan, kí òróró padà síbi tó ti wá kí ẹ tó tan án. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú: inú rẹ̀, orí sípíríìǹgì ni ìlù rẹ̀ so kọ́ sí. Ó ní àwọn bóòtù gígùn tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n sí kí ìlù náà má bàa máa gbá ara ẹ̀rọ. Ẹ wá wọn rí, ẹ de wọn, ẹ sì fa omi tó kù nínú rẹ̀ jáde. Nílé tuntun, ẹ tún yọ bóòtù yẹn kí ẹ tó tan án, nítorí bí ẹ bá gbàgbé, ẹ̀rọ náà yóò máa fò káàkiri ilé. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ní tiẹ̀, ẹ má fi ojú rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má sì to nǹkan lé e.

Gáàsì, epo bẹntiróòlù, ọ̀dà, tínà, oògùn ìfọlé tó ń ta nímú: ẹ má kó wọn sínú ọkọ̀ tó dé pa. Atẹ́gùn wọn á kún inú ọkọ̀, iná díẹ̀ ló kù. Ẹ lò wọ́n tán ṣáájú, tàbí ẹ fún aládùúgbò.

Àwọn ẹrù kan wà tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín rárá. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ìrìnnà, ìwé ilé, oògùn tí ẹnìkan ń lò, ohun ọ̀ṣọ́, kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ ilé méjèèjì. Báàgì kan ṣoṣo, èèyàn kan ṣoṣo, ọrùn rẹ̀ ni kó wà. Obìnrin kan sọ fún mi bí ọmọ rẹ̀ tó ní ikọ́ fée ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle láàárín ọ̀nà, tí ẹ̀rọ tó ń fà sẹ́nu sì wà nínú ọkọ̀ tó ti lọ ṣáájú. Ọmọ náà yè é. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ò lè sọ ìtàn náà kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n.

Yàtọ̀ sí báàgì yẹn, ẹ di páálí alẹ́ àkọ́kọ́: aṣọ ìbora, ọṣẹ, táwẹ́ẹ̀lì, bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tọ́ọ̀ṣì, ṣájà fóònù, ọ̀bẹ, síkúrúdíráfà, kọ́ọ̀pù díẹ̀, aṣọ ọ̀la. Òun ni kó wọ ọkọ̀ kẹ́yìn, òun ni kó kọ́kọ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ kẹta: àwọn tó máa bá yín gbé e

Bí ẹ bá fẹ́ háyà àwọn akẹ́rù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wo ilé kí wọ́n tó dá owó lé e. Ẹni tó dá owó lórí fóònù láìrí ẹrù, ó ṣeé ṣe kó fi kún un nígbà tí ẹrù bá ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí sì ni ẹ lè ṣe nígbà yẹn? Ẹ bi í: ṣé wákàtí ni a ń san àbí ọkọ̀ kan? Ṣé àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀? Bí nǹkan bá fọ́, ta ló ń san án? Kí ìdáhùn wà lórí ìwé, kí ẹ sì má san gbogbo owó tán ṣáájú. Àárín ọ̀sẹ̀ sábà máa ń rọrùn ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, àárín oṣù sì rọrùn ju ìparí rẹ̀, nítorí ìparí oṣù ni gbogbo ayé ń kó.

Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló ń bọ̀, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà lóòótọ́, àmọ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹrù dídì ti gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó dé. Ẹ ò lè pe ọ̀rẹ́ wá gbé ẹrù kó wá jókòó tì yín bí ẹ ṣe ń di kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo.

Inú ọkọ̀, ohun tó wúwo ni kó kọ́kọ́ wọlé, kó sún mọ́ ẹ̀yìn awakọ̀, kó wà nísàlẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì sì wúwo dọ́gba. Fóòmù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn á sì de ìpele kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì ni kó wọlé kẹ́yìn nínú àwọn ẹrù ńlá, kó lè tètè jáde.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: àwọn tí kì í ṣe ẹrù

Ẹ̀yin òbí, ọmọ kékeré ò mọ̀ pé ẹ ń lọ síbi tó dára jù. Ohun tó rí ni pé wọ́n ń kó nǹkan ìṣeré rẹ̀ sínú páálí, páálí náà sì ń parẹ́. Ẹ mú un lọ wo ilé náà kí ọjọ́ tó pé. Ẹ fún un ní páálí tirẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ di ohun tó fẹ́, kó ya àwòrán sí i lára. Bí ẹ bá fẹ́ dín nǹkan ìṣeré kù, ẹ ṣe é ṣáájú tàbí lẹ́yìn, ẹ má ṣe é nínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Nílé tuntun, yàrá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò, pẹ̀lú aṣọ ìbora tó mọ̀.

Àwọn àgbàlagbà ńkọ́? Bàbá kan wà tó bá ọmọ rẹ̀ kó lọ sí ilé tó dára gan-an. Ní òru ọjọ́ kejì, ó dìde lọ tọ̀. Nílé àtijọ́, apá òsì ni ilẹ̀kùn wà tó bá sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Apá òsì yẹn ló lọ. Ògiri ló kọlù, ó sì ṣubú. Kò sí ẹni tó ṣe é ní ibi, kò kàn sí ẹni tó rò ó ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ì bá gbà wọn kéré: kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kó kọjú síbi tó ti ń kọjú sí tẹ́lẹ̀, kí iná kékeré kan máa jó láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìtọ̀, kí wọ́n sì bá a rìn ọ̀nà náà ní ọ̀sán títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, bí àgbà bá wà nílé yín, yàrá rẹ̀ àti ti ọmọdé ni kó ṣáájú gbogbo yàrá, kódà kí ìgbàlejò wà ní wúrúwúrú fún oṣù kan.

Ajá àti ológbò, ẹ sé wọn mọ́ inú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí lọ́jọ́ ìkẹ́rù. Ológbò ní pàtàkì, ẹ má jẹ́ kó jáde síta fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán nílé tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè forí lé ilé àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún: ilé méjèèjì

Kí ọkọ̀ tó dé ilé tuntun, ẹ ti lọ síbẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan. Ẹ da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ wò bó ṣe ń lọ. Ẹ ki ṣájà fóònù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ wo èyí tí kò ní iná. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ti omi gbogbo ilé àti ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé rí, kí gbogbo àgbà inú ilé sì mọ̀ ọ́n kí òru ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ gbálẹ̀, ẹ nu ilẹ̀, torí kò tún sí ìgbà tí ilé náà máa ṣófo báyìí mọ́. Ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ìta bí onílé bá gbà yín láàyè: ẹ ò mọ iye èèyàn tó ní ẹ̀dà rẹ̀.

Adírẹ́sì tuntun, ẹ ti fi tó báńkì, ibi iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn létí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ilé àtijọ́ ńkọ́? Nígbà tí ẹrù bá ti jáde tán, ẹ padà wọlé ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ wo orí okùn aṣọ níta. Ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò mítà iná àti ti omi kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn dáadáa. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, kí onílé bá yín rìn yí ilé ká, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lu ìwé nípa bó ṣe rí, kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí owó ìdúró tí ayálégbé fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé, fọ́tò kan ṣoṣo ni ì bá parí rẹ̀.

Bí ẹ bá wá dé ilé tuntun, bẹ́ẹ̀dì ni ẹ kọ́kọ́ tò, gbogbo bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ tó tú páálí kan. Kí aṣọ ti wà lórí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìdáná. Ìyókù lè dúró. Ẹ tú yàrá kan tán kí ẹ tó lọ sí òmíràn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá kí yín fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé páálí ṣì wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Alága, ibi tí mo bá a dé nìyí. Mo rí ọwọ́ ìyá kan tó ti wà lókè látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa fíríìjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún màmá ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.